Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Kì Í Pè

"Ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìrìn. Ẹ dárúkọ ẹni tí ẹ wá rí."

Ohùn Adènà dùn létí, ó ń rọra sọ̀rọ̀ bí àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò láyé àtijọ́. Kò sí ènìyàn kankan nínú ẹnubodè náà. Irin lásán ni, tó ní ihò wẹ́wẹ́ tí ohùn ń gbà jáde. Bọ́látitó la ẹnu láti dá a lóhùn. Ẹnu náà wà ní lílà, ọ̀rọ̀ kò bá a jáde.

"Ẹ kú ọ̀sán, ẹ kú ìrìn," Adènà tún wí, kò sì bínú rárá. "Ẹ dárúkọ ẹni tí ẹ wá rí."

"Àbúrò ọkọ mi ni."

"Mo gbọ́. Orúkọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Àbúrò ọkọ mi tí wọ́n yìnbọn lu ọkọ̀ rẹ̀ nígbà Ogun Òjò. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ ránṣẹ́ sí wa pé wọ́n ti rí àpótí ọkọ̀ náà, èyí tó gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀."

"Ẹni tí kò bá lè pe òkú lórúkọ, kò mọ̀ ọ́n. Òfin Irin ló wí bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹni tó wà lẹ́yìn yín lè ráyè kọjá."

Ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbé férémù kẹ̀kẹ́ kan kọ́ èjìká, ó di ìkòkò irin méjì mọ́ra. Ó wá dá irin tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ padà fún ìjọba kí wọ́n lè fún un ní káàdì òjò. "Mọ̀mí, ẹ má bínú o," ó ní. "Ìrọ̀lẹ́ òní ni òjò àdúgbò wa. Bí n kò bá tètè délé kí n ṣí ẹnu táńkì, orí páànù ló máa rọ̀ sí dànù." Ó pe orúkọ bàbá rẹ̀ tó ti kú fún Adènà bí ẹni tó ń ra búrẹ́dì, ilẹ̀kùn ṣí fún un, ó wọlé.

Bọ́látitó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó gbé agbọ̀n ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì tún aṣọ tó fi bo abọ́ inú rẹ̀ ṣe kí ooru má bàa jáde. Ní òwúrọ̀ tó ń se oúnjẹ náà, ọkọ rẹ̀ ti bi í pé ta ni yóò jẹ ẹ́. "Àpótí la fẹ́ lọ wò," ó ní, "kì í ṣe àlejò." Bọ́látitó ń ro ewùrà rẹ̀ lọ.

Lókè, ìkùukùu kan ń kọjá, ó sanra, ó dúdú nídìí. Ọkọ̀ òfuurufú kékeré méjì ń dà á lọ síhà Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀kan ń ti ẹ̀yìn bọ̀, èkejì ń ṣọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ẹni da màlúù. Gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà gbójú sókè, wọ́n ń sọ láàárín ara wọn pé òjò àwọn ta ni èyí. Bọ́látitó nìkan ni kò wòkè. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ àbúrò ọkọ rẹ̀ ti já, kì í wo òkè mọ́ bí òjò bá ń kọjá.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí obìnrin tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, kò lè pe orúkọ kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ti jẹ́ ìyàwó ilé rí kò ní bi mí.

Ọjọ́ tí wọ́n mú un wọ ilé Ọnàfowókàn, ife omi kan péré ni wọ́n fi ṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dá ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè mú ìyàwó wọlé láìṣan ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ kan ló gbé ife náà dání. Ó ń rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun kinniwin. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní, "Ìyàwó, ọkọ rẹ kékeré rèé. Òun ló gbẹ̀yìn nínú àwọn ọmọ mi. Kí lo máa máa pè é?" Nítorí gbogbo ọmọ tó bá nínú ilé, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n; ì báà jẹ́ ọmọ àná, kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ, kò sì gbọdọ̀ sọ pé "ìwọ" fún un. Bọ́látitó wo ẹnu ọmọ náà, ó ní, "Eyínfúnjowó ni n ó máa pè wọ́n, Mà."

Ọmọ náà dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. "Ìyàwó mi, kí lo sè?"

Ẹ̀rín pa gbogbo èrò. Ìyàwó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbẹ, wọ́n ti ń béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀! Ìtìjú mú Bọ́látitó, àmọ́ òun náà kò ya odi. "Ìkókoré ni, ọkọ mi," ó ní, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì mọ ibi tí ilé ìdáná wà.

Bí eré náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sì tán mọ́. Bí ọmọ náà bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé, tí Bọ́látitó gbọ́ ìró sálúbàtà rẹ̀ lójúde, á pariwo láti ilé ìdáná pé, "Eyínfúnjowó, ọkọ mi!" Òun náà á ní, "Ìyàwó mi, kí lo sè?" Ìdáhùn kan náà ni ti ìgbà gbogbo. Ọ̀dá mú, ewùrà tí wọ́n fi ń sè é di ohun tí à ń fojú inú rí, gààrì ni wọ́n ń mu lówùúrọ̀, gààrì lálẹ́. Síbẹ̀, "Ìkókoré ni, ọkọ mi." Ọmọ náà á jókòó ti gààrì rẹ̀, á sì máa yìn ín pé ẹja inú rẹ̀ pọ̀, pé epo rẹ̀ ta sánsán. Ó dàgbà, ó ga ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, ó di adaòjò, wọ́n fún un ní ọkọ̀ òfuurufú. Ó ń wọṣọ ogun bọ̀ wálé, ó sì ń béèrè ohun tí ìyàwó rẹ̀ sè.

Ilẹ̀kùn Adènà ṣí, Kọ́lápọ̀, ọkọ Bọ́látitó, jáde. Ó ti wọlé ṣáájú rẹ̀, nítorí pé òun kò ní ìṣòro kankan pẹ̀lú orúkọ àbúrò rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti sọ bó ṣe lọ kó tó la ẹnu.

"Àpótí náà kọ̀, kò ṣí," ó ní.

"Kí lẹ pè?"

"Kí ni n kò pè? Mo pe orúkọ àbísọ rẹ̀. Mo pe ti bàbá wa. Mo ki oríkì rẹ̀ títí dé ìdí ti ilé wa, mo kì í títí dé ibi tí èmi fúnra mi kò mọ̀ pé mo mọ̀. Nígbà tó yá, mo jágbe mọ́ ọn."

"Òkò àbínújù kì í pẹyẹ, Bàbá Fẹyí."

Ọkùnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. Ó jókòó sórí òkúta lẹ́bàá agbọ̀n náà. Obìnrin kan tó wọ aṣọ aláwọ̀ eérú tẹ̀lé e jáde, ó fi ọwọ́ nu òógùn ọrùn rẹ̀. Ìyáàfin Ṣówándé ni, òun ló ń ṣe àkóso àpótí àwọn tó kú sógun. Òun náà ti da òjò rí, apá rẹ̀ òsì kò sì gùn tó tọ̀tún mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìdúró," ó sọ fún Bọ́látitó. "Mo ti ṣàlàyé fún ọ̀gá. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni àpótí máa ń gbọ́ ohùn. Ti Ìyá tí ẹ fi ránṣẹ́ lánàá, ìyẹn ẹ̀ẹ̀kan. Ti ọ̀gá, ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹyọ kan ló kù. Bó bá kọ ìyẹn náà, inú iná ni, pẹ̀lú àwọn irin yòókù. Ìrọ̀lẹ́ òní la ó dáná."

"Ṣé a kò lè gbé e lọ sílé ká kàn fi pamọ́?" Kọ́lápọ̀ béèrè.

"Irin ni, sà. Kò sí irin tó ń jókòó lásán mọ́ nílẹ̀ yìí."

Ìyá Kọ́lápọ̀ kò bá wọn wá. Ìyá kì í tẹ̀lé òkú ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í wo ibi tí wọ́n gbé e sí; ìyẹn kò yí padà bí gbogbo nǹkan ṣe yí padà. Wọ́n gba ohùn rẹ̀ sínú ìkarahun kékeré kan báyìí, ohun èlò tí a fi ń ránṣẹ́ ẹnu. Ó ki ọmọ rẹ̀ ní Àkàngbé nínú rẹ̀, ó kì í títí ohùn fi há. Nígbà tí Bọ́látitó ń jáde nílé lónìí, ìyá àgbà náà dì í lọ́wọ́ mú. "Ìyàwó," ó ní, "n kò béèrè ara rẹ̀. Omi ti jẹ ara. Ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́ kí n tó sùn." Oorun tó ń wí kì í ṣe ti òru kan. Bọ́látitó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kọ́lápọ̀ dìde. "Mo máa padà wọlé. Orúkọ kan wà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún un ní ibùdó. Ìyẹn ló máa jẹ́."

"Ẹ dúró," Bọ́látitó ní. "Ẹ jẹ́ kí èmi wọlé."

"Ìwọ?"

"Èmi ni."

"Kí lo fẹ́ pè é?"

"Ohun tí mo máa ń pè wọ́n."

Kọ́lápọ̀ wò ó. Ọkọ tó dára ni, kì í ṣe òǹrorò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà yà á lẹ́nu gan-an, ó sì sọ bó ṣe rí lára rẹ̀. "Ìyá Fẹyí, orúkọ eré nìyẹn. Ta ni yóò fi orúkọ eré tí ìyàwó ilé sọ ọ́ ti àpótí ọkọ̀ ogun pa? Ẹ̀ẹ̀kan ló kù o. Ẹ̀ẹ̀kan!"

Bọ́látitó kò lè bá a jiyàn, nítorí òun náà ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ara rẹ̀ látàárọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi sọ nǹkan kan lánàá. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni Kọ́lápọ̀ àti ìyá rẹ̀ pẹ̀lú olóògbé. Òun, ẹnu ọ̀nà ló gbà wọlé. Bí àwọn bá ṣàṣìṣe, ẹbí ló ṣàṣìṣe. Bí òun bá ṣàṣìṣe, ìyàwó ló jó ohùn ọmọ wọn níná. Kò sẹ́ni tó máa sọ bẹ́ẹ̀ sí i létí láéláé. Ṣùgbọ́n á máa gbọ́ ọ.

Ìyáàfin Ṣówándé wúkọ́. "Bó ti ku ẹyọ kan yìí, òfin gbà mí láyè láti sọ ohun kan fún yín. Ọjọ́ tí wọ́n fún wa ní ọkọ̀, wọ́n ní kí kálukú fi ohùn ti àpótí inú rẹ̀ pa. Ọ̀gá wa kìlọ̀ fún wa pé a kò gbọdọ̀ lo orúkọ, a kò sì gbọdọ̀ lo oríkì. Yorùbá ni àwọn ará Etíkun tí à ń bá jà, omi iyọ̀ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wá jí òjò wa. Amí wọn lè ki gbogbo wa lóríkì láìṣìnà. Ọ̀gá ní kí a rántí ohun tí à ń gbọ́ nígbà tí a bá ń wọlé nílé, èyí tí kò sí nínú ìwé kankan."

Kọ́lápọ̀ fi ọwọ́ pa orí. Òun náà ti gbé inú ilé yẹn. Òun náà ti gbọ́ igbe yẹn láti ilé ìdáná, ọdún lé ọdún, débi pé kò gbọ́ ọ mọ́, bíi ti ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rélùwéè tí kì í gbọ́ ìró ọkọ̀ mọ́.

"Bó bá kọ̀," ó rọra sọ, "kí la máa wí fún Ìyá?"

"Ẹ sọ fún wọn pé èmi ni."

"N kò ní sọ bẹ́ẹ̀." Ó gbé agbọ̀n náà nílẹ̀, ó nà án sí i. "Lọ. Ṣùgbọ́n báwo lo ṣe fẹ́ kọjá lọ́wọ́ èyí?" Ó fi àgbọ̀n ẹnu rẹ̀ tọ́ka sí Adènà.

Bọ́látitó yíjú sí Ìyáàfin Ṣówándé. "Ṣé ẹ lè bá mi pe orúkọ náà?"

"Wọn á lé mi lẹ́nu iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹnu ẹni tó fẹ́ wọlé ló gbọ́dọ̀ ti jáde."

"Bí mo bá kọ ọ́ sórí ìwé ńkọ́?"

"Etí ni wọ́n fún un, wọn kò fún un lójú."

"Àwọn tó ṣòfin yìí," Bọ́látitó bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú ìbínú, "ṣé kò sí ìyàwó nílé wọn ni?"

Ìyáàfin náà rẹ́rìn-ín. "Èmi náà, Agùntáṣọọ́lò ni mò ń pe àbúrò ọkọ tèmi, kí n má tàn yín. Ọdún keje rèé. Bí ó bá kú, n kò mọ ohun tí n ó ṣe níwájú Adènà tí mò ń bá ṣiṣẹ́ yìí."

Bọ́látitó padà sẹ́nu ìlà. Ẹnì kan wà níwájú rẹ̀, lẹ́yìn náà kò sí ẹnì kankan.

Orúkọ náà kò ṣòro. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ọkọ, lẹ́nu tíṣà, lẹ́nu àwọn ọmọbìnrin àdúgbò tí wọ́n ń pè é lójú fèrèsé. Ó ti rí i lára ògiri àwọn tó kú sógun, ó fi ìka tọ lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kì í sì í ṣe ìbẹ̀rù ìyá ọkọ nìkan ló dí i lẹ́nu. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ á ní kó pè é. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí: ẹni tó bá ṣì wà láyé ni ìyàwó ilé kì í pè lórúkọ. Níwọ̀n ìgbà tí òun kò bá tíì pè é, ó lọ sí ìrìn-àjò ni. Ìrìn-àjò náà pẹ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn náà ti pẹ́ lájò rí.

Ó fẹ́ kó wá sílé. Ká má fọ̀rọ̀ pamọ́, ohun tó fẹ́ nìyẹn, láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ó fẹ́ gbọ́ ìró sálúbàtà lójúde.

Òwúrọ̀ ọjọ́ tó lọ kẹ́yìn, Eyínfúnjowó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé ìdáná nínú aṣọ ogun, ó sì béèrè ohun tí ìyàwó rẹ̀ sè. Gààrì ló wà nílẹ̀. "Ìkókoré ni, ọkọ mi." Ó rẹ́rìn-ín tí eyín yẹn fi yọ tán. "Ìyàwó mi, lọ́jọ́ tí mo bá da òjò dé orí ilé wa, kó jẹ́ òótọ́ o!" Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òjò ńlá rọ̀ sórí ilé wọn. Wọ́n gbé igbá, wọ́n gbé ìkòkò, ìyá àgbà jó nínú ẹrẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ìkùukùu náà dá wá ni. Ọkọ̀ mẹ́ta jáde láti ìhà òkun láti jí i gbé, Eyínfúnjowó sì dúró sẹ́yìn lójú ọ̀run kí òjò lè ráyè lọ. Wọ́n yìnbọn lù ú lórí ọ̀sà. Omi tí wọ́n ń bù mu, òun ló rán an sí wọn. Láti ọjọ́ náà, ewùrà padà sọ́jà, ṣùgbọ́n Bọ́látitó kò fọwọ́ kan ìkókoré mọ́, àfi lówùúrọ̀ òní.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú ìrìn," Adènà wí. "Ẹ dárúkọ ẹni tí ẹ wá rí."

Bọ́látitó kúnlẹ̀ lórí kọnkéré pẹ̀lú agbọ̀n lọ́wọ́. Àwọn kan tó ń kọjá dúró wò ó, obìnrin àgbà tó kúnlẹ̀ fún irin.

"Ọkọ mi," ó sọ wẹ́lẹ́, "ẹ forí jì mí. Kì í ṣe àfojúdi."

Ó mí kanlẹ̀.

"Adédọ̀tun," ó ní. Ó dùn lẹ́nu ju bó ṣe rò lọ, ìyẹn gan-an ló dùn ún. "Adédọ̀tun Ọnàfowókàn."

"Ẹ kú aráfẹ́rakù," Adènà dá a lóhùn. "Ẹ máa wọlé."

Irin ló kọ́kọ́ kí i bẹ́ẹ̀. Gbogbo ènìyàn tó ti fẹ́ kí i ṣáájú ló ti dá lẹ́kun, tó ní kí wọ́n lọ kí ìyá rẹ̀. Omijé dà, kò sì nù ún. Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Ó dìde, ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó wo iwájú rẹ̀ dáadáa, ó wọlé. Kọ́lápọ̀ pe orúkọ náà lẹ́yìn rẹ̀ kíákíá, ó tẹ̀lé e.

Ooru ló pàdé wọn. Irin ga bí òkè lọ́tùn-ún lósì, apá ọkọ̀, ẹsẹ̀ ìjókòó, ọ̀pá iná ojú títì. Iná ti ń jó lábẹ́ ìkòkò ńlá tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn náà. Ìyáàfin Ṣówándé mú wọn lọ sídìí tábìlì kan. Àpótí náà kò tóbi ju odindi búrẹ́dì kan lọ. Ẹrẹ̀ ọ̀sà ti gbẹ sí igun rẹ̀, ọta kan sì ti ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ gbọọrọ. Àwọn apẹja ló hú u jáde nígbà tí omi fà sẹ́yìn.

Bọ́látitó fi ọwọ́ bà á. Ó tutù.

"Bí ẹ bá ti ṣetán," Ìyáàfin Ṣówándé ní, "ẹ pè é. Ẹ pè é bí ẹ ṣe máa ń pè é gan-an."

Bọ́látitó wo ibi tí òun dúró. Bí ó ṣe máa ń pè é kọ́ nìyí. Ó fi àpótí sílẹ̀, ó kẹ́yìn sí i, ó rìn jìnnà díẹ̀ títí dé ìdí òpó kan, bí ẹni tó wà nídìí ààrò tí ọmọ sì ń bọ̀ lójúde.

"Eyínfúnjowó!" Ohùn rẹ̀ ga ju iná lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ yíjú. "Eyínfúnjowó, ọkọ mi!"

Kò sí nǹkan kan. Kọ́lápọ̀ di etí tábìlì mú. Iná ń hó lẹ́yìn wọn, ẹnì kan já irin sílẹ̀ lókèèrè. Bọ́látitó kò yíjú padà. Ó ń wo òpó, ó ń gbìyànjú láti má ronú nípa ìyá àgbà tó jókòó nílé.

Lẹ́yìn náà, nǹkan kan dún ṣíṣẹ́ṣẹ́ nínú àpótí náà, bí ìgbà tí ènìyàn bá fẹ́ rẹ́rìn-ín tó ń mú un mọ́ra.

"Ìyàwó mi," ohùn kan ní, ohùn ọkùnrin, ohùn ọmọ náà, "kí lo sè?"

Kọ́lápọ̀ jókòó sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú.

Bọ́látitó yí padà. Iná pupa kékeré kan ti tàn lórí àpótí náà, ó ń ṣẹ́jú. Àpótí kò ṣí.

"Kí ló dé?" ó béèrè. "Kí ló dé tí kò ṣí?"

"Ó ń dúró," Ìyáàfin Ṣówándé sọ jẹ́ẹ́jẹ́. Omijé ti wà lójú tirẹ̀ náà. "Ìdajì lẹ ṣí. Ó ti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ yín, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ dá a lóhùn kí iná yẹn tó kú."

Bọ́látitó padà sídìí tábìlì. Ó gbé agbọ̀n lé e, ó mú aṣọ kúrò lórí abọ́ náà, ó ṣí ọmọrí rẹ̀. Ooru rẹ̀ kò tíì tán. Òórùn epo àti ẹja jáde sáàárín gbogbo irin wọ̀nyẹn. Ó kúnlẹ̀ bí ó ti yẹ kí ìyàwó kúnlẹ̀ bí ó bá ń gbé oúnjẹ fún ọkọ.

"Ìkókoré ni, ọkọ mi," ó ní.

Àpótí náà ṣí. Bọ́látitó kò tíì rí i, nítorí abọ́ ló ń tì síwájú.

"Lọ́tẹ̀ yìí," ó ní, "òótọ́ ni. Ẹ wò ó."